Ìdí tí búlúù inú fóònù fi ń di elésè àlùkò lórí bébà

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí ní Ṣómólú tàbí Mọ́kọ́lá, ẹ ó gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú: "Kì í ṣe búlúù tí mo mú wá nìyí." Oníbàárà á gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, òótọ́ sì ni, wọn ò jọra. Búlúù aṣọ ẹbí ti di elésè àlùkò. Ojú bàbá tó lọ ti dúdú ju bó ṣe dúdú láyé rẹ̀ lọ. Atẹ̀wé á ní fóònù ló ń parọ́. Oníbàárà á ní ayédèrú íǹkì ni.

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-táǹkì ti wọ ilé àti ọ́fíìsì, ìjà yìí ti bá wa wọlé. Èèyàn á ra ẹ̀rọ tuntun, á ra bébà fọ́tò, á tẹ àwòrán ọmọ rẹ̀, á sì gbà pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Ẹni tó ń lò ó ni kò mọ̀ pé òun ti pàṣẹ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan nílé tàbí níbi iṣẹ́, tí kì í ṣe atẹ̀wé, tó kàn fẹ́ kí ohun tó rí jọ ohun tó máa jáde, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí fóònù àti bébà ò fi lè bára mu?

Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n fi ń ṣe àwọ̀. Iná tíntìntín mẹ́ta ló wà nínú àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. RGB ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí gbogbo wọn bá tàn dáadáa, funfun lẹ ó rí. Bí gbogbo wọn bá kú, dúdú ni. Ìmọ́lẹ̀ tí a bá fi kún un ló ń jẹ́ kí àwọ̀ mọ́ sí i.

Bébà ò ní iná nínú. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí rẹ̀ láti ojú fèrèsé tàbí láti ara gílóòbù ló ń ta padà sójú wa, iṣẹ́ íǹkì sì ni láti gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀. Íǹkì yẹ́lò ń gbé búlúù mì. Màjẹ́ńtà, píǹkì tó ki yẹn, ń gbé àwọ̀ ewé mì. Sáyàn, búlúù tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ń gbé pupa mì. Íǹkì tí a bá fi kún un ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ṣókùnkùn sí i. Àwọn mẹ́ta yìí àti dúdú ni CMYK. Ó yẹ kí mẹ́ta àkọ́kọ́ di dúdú bí a bá pò wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n íǹkì tí èèyàn lè ṣe kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi dúdú kún wọn.

Funfun ńkọ́? Kò sí íǹkì funfun nínú ẹ̀rọ ilé. Funfun ẹyinjú àti funfun agbádá tí ẹ rí nínú fọ́tò, bébà fúnra rẹ̀ ni. Bébà tó bá ti pọ́n díẹ̀ nínú páálí ti yí gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò padà kí íǹkì tó kàn án.

Búlúù wo ló ń di elésè àlùkò, báwo la sì ṣe lè dá a dúró?

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ lórí àwọ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó ń kọ mànà lójú fóònù ni kò sí nínú íǹkì mẹ́rin: àwọ̀ ewé tó ń jó lójú, àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, àti èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ, royal blue. Kò sí ètò kankan tí ẹ lè ṣe tó máa mú wọn jáde bó ṣe rí nínú iná. Bí ẹ̀rọ bá bá irú wọn pàdé, èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ohun tí agbára rẹ̀ ká ló máa mú.

Àwọ̀ ewé àti ti ọsàn kàn máa ń rọ̀ ni, èèyàn á fara mọ́ ọn. Búlúù kì í rọ̀ lásán, ṣe ló ń di nǹkan mìíràn. Búlúù tó mọ́ jù lójú kọ̀ǹpútà ni èyí tí pupa rẹ̀ jẹ́ 0, tí ewé rẹ̀ jẹ́ 0, tí búlúù rẹ̀ jẹ́ 255. Kí ẹ̀rọ tó lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ gbé pupa àti ewé mì, nítorí náà á da sáyàn àti màjẹ́ńtà púpọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n sáyàn kì í gbé gbogbo pupa mì tán, màjẹ́ńtà náà sì ń jẹ díẹ̀ lára búlúù tó yẹ kó fi sílẹ̀. Pupa tó ṣẹ́ kù pàdé búlúù tó dín kù, elésè àlùkò dé.

Màjẹ́ńtà ni kí ẹ dín kù. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà CMYK lẹ ń lò láti fi ya iṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí màjẹ́ńtà sún mọ́ sáyàn ju 30 lọ: bí sáyàn bá jẹ́ 100, kí màjẹ́ńtà má kọjá 70. Bó bá jẹ́ RGB lẹ ń lò, ẹ fún àwọ̀ ewé ní nǹkan díẹ̀, kí ẹ sì rẹ búlúù sílẹ̀. 0, 70, 190 dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dára ju kí ẹ máa méfò lọ ni pé kí ẹ ya àpótí kéékèèké bíi ogún sójú ìwé kan, kí búlúù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí ẹ máa lò gan-an. Ẹ gbé e fún ẹni tó ni ayẹyẹ kó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá mú àwọ̀ lórí bébà kò ní bá yín jà lórí bébà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń fi káàdì ìgbéyàwó jẹun kì í sábà ṣe èyí, nígbà tó jẹ́ pé ojú ìwé kan péré ló máa ná wọn.

Kí ló dé tí fọ́tò fi dúdú jù?

Nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà yín ti mọ́lẹ̀ jù ni. Àwọn tó ń fi fọ́tò títẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà sí àárín 80 sí 120 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní candela fún mítà onígun mẹ́rin kan. Fóònù òde òní lè kọjá 500 bí ẹ bá gbé e síta nínú oòrùn. Ẹni tó ṣàtúnṣe fọ́tò lórí irú ojú bẹ́ẹ̀ á máa dín ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà kù títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rọ á sì tẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò ni awọ ara wa wà, ibẹ̀ sì ni íǹkì ti máa ń kún jù tí gbogbo rẹ̀ á fi pò pọ̀.

Ẹ ṣí ojú ìwé funfun kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, kí ẹ wá máa rẹ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ títí funfun méjèèjì á fi jọra. Á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ti ṣókùnkùn jù. Ojú á mọ́ ọn. Ẹ pa Night Light, Night Shift àti True Tone pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ń pọ́n ojú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù láìjẹ́ kí ẹ fura.

Ibi tí ẹ ti ń wo bébà náà tún ṣe pàtàkì. Gílóòbù tó ń pọ́n, èyí tí wọ́n kọ 2700K sí lára, á mú kí fọ́tò pọ́n. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí á fà á sí búlúù. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn atẹ̀wé káàkiri àgbáyé fẹnu kò sí ni 5000K. Ẹ kò nílò láti ra gílóòbù tuntun: ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí káàdì bá aṣọ ẹbí mu, ẹ gbé káàdì àti aṣọ jáde pọ̀, nítorí pé àwọ̀ méjì lè jọra gan-an lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n sì yàtọ̀ pátápátá ní ìta.

Ṣé ẹ̀rọ mọ irú bébà tí ẹ fi sínú rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ni ẹ máa mú lọ, ẹ mú èyí.

Bébà lásán, èyí tó wọn gíráàmù 80 tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, ń fa íǹkì mu. Íǹkì á wọ inú rẹ̀ lọ, á tàn kálẹ̀, àwọ̀ á sì kú díẹ̀. Bébà fọ́tò ní ohun kan tí wọ́n fi pa á lójú tó ń dá íǹkì dúró sókè, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń tàn lórí rẹ̀. Íǹkì tí bébà kan fẹ́ kọ́ ni èkejì fẹ́. Ibi tí wọ́n kọ Paper Type tàbí Media Type sí nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀wé lẹ ti máa sọ èyí tí ẹ fi síbẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ bá yàn níbẹ̀ ló máa sọ iye íǹkì tó máa lò, bó ṣe máa yára sí, ọ̀nà tó máa gbà po àwọ̀, àti dúdú wo ló máa lò nínú ẹ̀rọ tó ní ju ọ̀nà kan lọ láti ṣe dúdú.

Bí ẹ ò bá yan nǹkan kan, bébà lásán ló máa gbà pé ó jẹ́. Ẹ wá ronú ẹni tó fi bébà fọ́tò tó ń dán sínú ẹ̀rọ, tó tẹ OK láìwo ọ̀tún wo òsì. Àwọ̀ ara èèyàn inú fọ́tò á rí ṣákálá. Nínú ẹ̀rọ Canon G púpọ̀, íǹkì dúdú yàtọ̀ sí àwọn yòókù: ó ki, ó sì máa ń jókòó sórí bébà ni. Bí ẹ bá fi ètò bébà lásán tẹ fọ́tò, dúdú yìí ló máa dà sórí bébà tó ń dán, kò ní wọlé, ìka ọwọ́ á sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ṣe òdì kejì rẹ̀, tó fi bébà lásán sínú ẹ̀rọ tó sì yan bébà fọ́tò, á rí bébà tó rin gbingbin, tó ká kò, tí íǹkì sì là á já dé ẹ̀yìn.

Bébà tí wọ́n ń tà lọ́jà láìní orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yín lára ńkọ́? Bó bá ń dán, ẹ yan èyí tó ní Glossy nínú orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dán, tó sì jẹ́ ti fọ́tò, ẹ yan Matte. Ẹ tẹ fọ́tò kékeré kan wò kí ẹ tó tẹ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ̀wé láti orí fóònù, ẹ lo áàpù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gbé jáde, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń yan bébà nínú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀.

Ojú bébà tí ẹ tẹ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Bí kò bá hàn sí yín, ẹ fi ìka tó rin díẹ̀ kan igun bébà náà: ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ìka ni ojú ìtẹ̀wé. Bó bá sì ti jáde, ẹ má tíì ṣe ìdájọ́. Íǹkì tútù kì í rí bí íǹkì gbígbẹ. Fún bébà fọ́tò, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì.

Ta ló yẹ kó ṣètò àwọ̀, kọ̀ǹpútà ni àbí ẹ̀rọ?

Ní 1993, Adobe, Apple, Kodak, Microsoft àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kóra jọ láti dá ẹgbẹ́ ICC (International Color Consortium) sílẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà kan náà ń mú àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni fáìlì kékeré kan tí à ń pè ní profile. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ pé: lórí ẹ̀rọ yìí, pẹ̀lú íǹkì yìí àti bébà yìí, nọ́ńbà báyìí ń mú àwọ̀ báyìí jáde. Fọ́tò náà ní tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni sRGB, tí HP àti Microsoft gbé jáde ní 1996. Adobe RGB gba àwọ̀ tó pọ̀ jù ú lọ, Display P3 tí iPhone ń lò láti iPhone 7 náà gbà jù ú. Bí áàpù tí ẹ fi ń tẹ̀wé ò bá ka profile inú fọ́tò, fọ́tò tó ní irú profile bẹ́ẹ̀ á jáde ní rírẹ̀. Fún ilé àti ọ́fíìsì, ẹ fi sRGB tọ́jú iṣẹ́ yín, ó tán. Bó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n ti fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán. Èyí tí wọ́n yà láti ojú fóònù, screenshot, ẹ má gbà á rárá.

Ibi tó ń rú àwọn tó ti mọ̀ díẹ̀ lójú nìyí. Photoshop, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe fọ́tò, lè fi profile yí àwọ̀ padà kó bá bébà mu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lè ṣe é. Bí ìyá bá ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, tí ọmọ dé tí kò béèrè, tó tún fi tirẹ̀ sí i, kò sí èyí tó ṣe ohun tí kò yẹ nínú wọn, ọbẹ̀ ṣá ti bàjẹ́. Fọ́tò tí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ jọ ṣètò sábà máa ń dúdú jù tàbí kó máa fà sí màjẹ́ńtà, ojú èèyàn á sì dà bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọ̀kan ni kó ṣe é. Bí ẹ ò bá ní profile tí wọ́n ṣe fún bébà yín gan-an, ẹ yan Printer Manages Colors, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní i, ẹ jẹ́ kí Photoshop ṣe é, kí ẹ wá lọ pa ti ẹ̀rọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Epson, No Color Adjustment ni wọ́n kọ síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti débẹ̀, ẹ pa gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní Vivid tàbí Photo Enhance. Wọ́n ń jẹ́ kí òdòdó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ awọ ara dúdú di àwọ̀ ọsàn, mi ò sì mọ ẹni tó ń tẹ òdòdó.

Ṣé kí n yí iṣẹ́ mi padà sí CMYK kí n tó tẹ̀ ẹ́ nílé?

Rárá o. Ìmọ̀ràn yìí pọ̀ nígboro, ó sì dára fún ilé ìtẹ̀wé ńlá tó ń fi pléètì onírin tẹ̀wé; bí wọ́n bá ní CMYK làwọ́n fẹ́, ẹ fún wọn. Ẹ̀rọ oníǹkì tó wà nílé yàtọ̀. Lóòótọ́, CMYK ló wà nínú táǹkì rẹ̀, ṣùgbọ́n RGB ló ń retí láti ọwọ́ kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ á sì pín in sí íǹkì. Bí ẹ bá gbé CMYK fún un, wọ́n á kọ́kọ́ dá a padà sí RGB, kí ẹ̀rọ tó tún un pín. Ẹ ti kó àwọn àwọ̀ kan dà nù lọ́nà láìní èrè kankan. Nọ́ńbà búlúù CMYK tí mo sọ lókè wà fún iṣẹ́ tó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé; fún ti ilé, RGB rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan, ẹ tẹ Nozzle Check, ìwé tí ẹ̀rọ fi ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ìlà kéékèèké ní àwọ̀ mẹ́rin ló máa jáde, bí ìlà kan bá sì já, ihò tí íǹkì yẹn ń gbà jáde ti dí. Fọ́tò fúnra rẹ̀ á ti sọ fún yín: bó bá fà sí àwọ̀ ewé, màjẹ́ńtà ni kò jáde, bó bá pupa jù, ẹ wo sáyàn, bó bá jẹ́ búlúù ló bo gbogbo rẹ̀, yẹ́lò ni. Head Cleaning ló ń ṣí i. Ẹ má ṣe é ní àṣetúnṣe, íǹkì ló ń jẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ pa ẹ̀rọ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà ọyẹ́, íǹkì tètè ń gbẹ lójú ihò, nítorí náà ẹ máa tẹ ojú ìwé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ ní iṣẹ́.

Íǹkì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe májèlé bí àwọn kan ṣe ń sọ, owó ló sì ń gbé èèyàn dé ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n íǹkì ti wọn ni ilé iṣẹ́ fi wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń po àwọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n yẹn ò bá a mu mọ́. Ẹni tó bá ń lo íǹkì sublimation, èyí tí wọ́n fi ń tẹ kọ́ọ̀bù àti aṣọ, kò gbọdọ̀ fi ojú bébà ṣe ìdájọ́ rárá: ó máa ń rí ṣíṣá lórí bébà títí ooru ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan (heat press), tó tó 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á fi jí i. Ti ẹ̀rọ lésà kò le: ẹ tẹ Calibrate lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ tónà, ìyẹ̀fun tó ń lò dípò íǹkì, tàbí nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà.

Góòlù ńkọ́?

Kò sí góòlù nínú íǹkì mẹ́rin. Irin tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà ló ń jẹ́ kí góòlù dán, yẹ́lò àti búráùn ni ẹ̀rọ yín sì máa fi rọ́pò rẹ̀. Góòlù tí ẹ rí lójú fóònù pàápàá, yẹ́lò, búráùn àti funfun tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Bó bá jẹ́ pé góòlù gidi ni wọ́n fẹ́ lórí káàdì, tí ẹ sì ní ẹ̀rọ lésà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà ní dúdú, ẹ tẹ́ bébà góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní foil lé e lórí, kí ẹ sì fi wọ́n gba inú ẹ̀rọ láminéṣọ̀n tó ti gbóná. Tónà á yọ́, góòlù á lẹ̀ mọ́ ibi tí tónà wà nìkan. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ẹ̀rọ oníǹkì, kò sí ohun tó máa lẹ̀.